Ọdún tí màámi bá wa lo wíńtà ní Chicago

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ara mi pé màá kọ eléyìí sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí òtútù bá ti ń wọlé bọ̀ báyìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn, iṣẹ́ á sì tún gbà á lọ, àmọ́ lánàá màámi fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo wò ó títí, mo ní kò tún sí ọjọ́ míì mọ́, òní ni màá kọ ọ́.

Òpin October 2018 nìyàwó mi bímọ, nígbà tó fi máa di àárín November màámi ti dé láti wá bá wa wẹ ọmọ, ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, òrí, oríkì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Inú wa dùn. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé tọ́mọ bá ti sùn, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni màámi máa ń lọ dúró sí, wọ́n á fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n á máa wo títì. Kò séèyàn lójú títì. Ní Chicago, tó bá ti di December, oòrùn á ti wọ̀ kí aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó lù, gbogbo igi á ti wọ́wé tán, atẹ́gùn tó ń ti orí adágún Michigan bọ̀ á máa gún èèyàn lójú bí abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí pé, "Báyìí náà lẹ ṣe ń gbé, ẹ kì í rí èèyàn bá sọ̀rọ̀?" N ò rí èsì fún wọn.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọdún kẹfà mi nínú ìlú yẹn nìyẹn o, gbogbo wíńtà tí mo ti lò níbẹ̀, ilé síbi iṣẹ́ ni, ibi iṣẹ́ sílé, ọjọ́ Sunday ṣọ́ọ̀ṣì. Lójú tèmi òtútù wà fún kéèyàn sá pamọ́ fún un títí á fi lọ. Obìnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa nígbà yẹn, àgbàlagbà ni, Pólàǹdì làwọn òbí ẹ̀ ti wá, mo ròyìn màámi fún un, ó wò mí, ó ní níbi táwọn òbí òun ti wá, òtútù burú ju ti Chicago lọ, wọn kì í sá fún un, wọ́n á tanná, wọ́n á kọrin, wọ́n á jẹun pọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó mú bírò, ó kọ gbogbo ibi tí mo lè mú màámi lọ sẹ́yìn rìsíìtì kan fún mi. Rìsíìtì yẹn ṣì wà nínú Bíbélì mi dòní.

Ibi tó kọ sókè pátápátá ni Christkindlmarket, ọjà Kérésì àwọn ará Jámánì tí wọ́n máa ń ná ní Daley Plaza, àárín ìlú gan-an, láti November títí di December 24. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tuesday kan la lọ, mo mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún wíkẹ́ǹdì nítorí èrò. Ìyàwó mi wé màámi bí ẹní wé ọ̀lẹ̀, aṣọ mẹ́rin lórí ara wọn, ìbọ̀sẹ̀ méjì, kóòtù tó kanlẹ̀, fìlà olówùú, màámi wá tún wé gèlè lé fìlà lórí, a ní kò burú. A wọ reluwé Blue Line, Washington la sọ̀ sí, téèyàn bá ti gun àtẹ̀gùn ibẹ̀ jáde báyìí ọjà ló dé yẹn. Àmọ́ ká tó rí nǹkankan, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa. Sínámọ̀nù, ṣúgà tó ń yọ́ mọ́ álímọ́ǹdì lára, sọ́séèjì lórí iná, àti nǹkan míì tó le sí imú díẹ̀. Màámi dúró gbọnin lórí àtẹ̀gùn, wọ́n fa imú, wọ́n ní, "Ta ló ń se kànáfùrù níbí?"

Kànáfùrù ni lóòótọ́. Wáìnì pupa ni wọ́n máa ń gbé kaná, wọ́n á da kànáfùrù, sínámọ̀nù, èèpo ọsàn àti ṣúgà sí i, Glühwein ni wọ́n ń pè é, inú kọ́ọ̀pù kan tí wọ́n máa ń ya àwòrán tuntun sí lọ́dọọdún ni wọ́n ń bù ú sí, èèyàn á wá mú kọ́ọ̀pù ẹ̀ relé. Àwọn ará Chicago mìíràn ti kó kọ́ọ̀pù yẹn jọ kún àpótí. Màámi kì í mutí, ṣókólétì gbígbóná ni mo rà fún wọn, inú kọ́ọ̀pù kan náà ni wọ́n bù ú sí, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, wọn ò mu ún o, wọ́n kàn ń fi yá ọwọ́. A wá ń rìn. Ìsọ̀ kéékèèké onígi ló tò lọ rẹrẹ, aṣọ onílà pupa àti funfun lórí wọn, iná wẹ́wẹ́ káàkiri, wọn kì í gbowó ìwọlé, èèyàn kàn ń ya láti ìsọ̀ kan sí òmíràn ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Nuremberg ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe ẹ̀, ọjà tiwọn yẹn ti wà láti ayé àwọn baba ńlá wọn, ẹ̀rí tó dájú wà pé wọ́n ti ń ná an ní 1628. Ti Chicago bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ọdún kejì ni wọ́n gbé e wá sí Daley Plaza, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Jámánì àti Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀.

Ìsọ̀ tó dá wa dúró jù ni ibi tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ ọnà onígi. Ní apá ìlà-oòrùn Jámánì, ilẹ̀ olókè kan wà tí wọ́n ń pè ní Erzgebirge, àwọn awakùsà ló kún ibẹ̀ láyé àtijọ́, fàdákà ni wọ́n ń wà. Nígbà tí ohun tó wà nínú ilẹ̀ wá ń tán lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbájú mọ́ igi gbígbẹ́, wọ́n ń gbẹ́ áńgẹ́lì, wọ́n ń gbẹ́ awakùsà tó mú àtùpà dání, wọ́n ń gbẹ́ sójà tó ń fi ẹnu pa èso eléèpo líle, bá a ṣe ń fi òkúta pa èkùrọ́ nílé. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Seiffen ni ọkùnrin kan, Wilhelm Füchtner, ti gbẹ́ irú sójà yẹn ní nǹkan bí 1870, àwòṣe tiẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ báyìí. Màámi gbé ọ̀kan sókè, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tọ́ ojú gbígbẹ́ ẹ̀, ọmọ Òṣogbo ni wọ́n, wọ́n mọ igi tí ọwọ́ èèyàn gbẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ gé. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ló ṣe eléyìí." Mo rà á fún ọmọ wa.

Ohun kan wà tí n ò mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ọjà yìí. Ní nǹkan bí 1900, nínú èèyàn mẹ́rin ní Chicago, ọ̀kan jẹ́ ará Jámánì tàbí ọmọ tí ará Jámánì bí. Ìdámẹ́rin ìlú! Ogun àgbáyé kìíní wá dé, orúkọ Jámánì di ẹ̀gàn ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn yí orúkọ padà, wọ́n gbé èdè wọn pamọ́ sínú ilé, níbòmíràn kò tiẹ̀ sí nínú ilé mọ́. Torí náà tí mo bá rí ọmọdé tó dúró nídìí ìsọ̀ tó ń gbìyànjú láti pe Glühwein kó já gaara, inú mi máa ń dùn. Nǹkan tí wọ́n fi pamọ́ nígbà kan ti bọ́ sójú ọjà.

Kí n tó gbàgbé, ère Picasso wà níbẹ̀ náà, nínú Daley Plaza yẹn gan-an, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 50, irin ni látòkè délẹ̀. Wọ́n ṣí i lójú gbogbo ayé ní August 1967, wọ́n fẹ́ san $100,000 fún Picasso, ó ní òun ò gbà, kí ìlú máa mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Títí dòní wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tó jẹ́, obìnrin ni àbí ajá ni àbí ẹyẹ. Màámi yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní obìnrin ni, ó wé gèlè. Mo tún wò ó lẹ́yìn ìgbà yẹn, n ò lè rí nǹkan míì lára ẹ̀ mọ́ àfi gèlè.

December 13 ni ọjọ́ Lucia mímọ́, àjọ̀dún ìmọ́lẹ̀ àwọn ará Swídìn. Ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀ sọ eléyìí. A wọ bọ́ọ̀sì 22 tó ń gba Clark Street lọ sí àríwá, ó di Andersonville, àdúgbò táwọn ará Swídìn tẹ̀dó sí látijọ́, tańkì omi kan tiẹ̀ wà lókè ilé níbẹ̀ tí wọ́n kùn ní búlúù àti yẹ́lò bí àsíá wọn. Àwọn tó ń gbé àdúgbò náà báyìí ti pò mọ́ra, àmọ́ Swedish American Museum ṣì wà níbẹ̀, àwọn ló ń gbé àjọ̀dún yìí ró. Ilẹ̀ ti ṣú, òtútù ń mú gan-an, àwa àtàwọn èèyàn tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó ṣe díẹ̀ a gbọ́ orin. Àwọn ọmọbìnrin ló ń bọ̀, aṣọ funfun nílẹ̀, ọ̀já pupa níbàdí, èyí tó ṣáájú gbé adé lórí, àbẹ́là tó ń tàn yí adé ọ̀hún po, ó ń rìn jẹ́jẹ́, kò wò síhìn-ín, kò wò sọ́hùn-ún. Ìdákẹ́jẹ́ bá gbogbo wa. Màámi di apá mi mú, wọ́n ní, "Arugbá ni."

N ò tún ní àlàyé tó ju ìyẹn lọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti rí Arugbá Ọ̀ṣun rí, omidan tó gbé ohun tó wúwo sórí, tí gbogbo ìlú ń tẹ̀ lé. Mo mọ̀ pé ìtàn méjèèjì ò pàdé níbì kankan. Ajẹ́rìíkú ni Lucia, Syracuse ní erékùṣù Sicily ni wọ́n bí i sí, Ítálì lọ́hùn-ún, ibi tí òtútù ò ti fi bẹ́ẹ̀ mú, àmọ́ àwọn ará Swídìn ló gbà á mọ́ra jù, torí pé nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́ ọjọ́ ẹ̀ ló bọ́ sí òru tó gùn jù lọ́dún, orúkọ ẹ̀ sì ti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó ń jẹ́ ìmọ́lẹ̀ jáde. Tí òru bá gùn tó bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ní láti gbé iná wọlé. Wọ́n rìn gba Clark Street títí, ètò tó kù wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Ebenezer Lutheran, wọ́n tún kọrin níbẹ̀, búrẹ́dì kékeré kan wà tí wọ́n fi sáfúrọ́ọ̀nù pa láwọ̀, ó yẹ́lò bí epo ẹ̀yìn tí wọ́n bù mọ́ ẹ̀bà, èso àjàrà gbígbẹ lórí ẹ̀. Màámi bi ìyá àgbà kan tó jókòó tì wá bóyá àwọn ọmọ yẹn gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọrin, èmi ni mo ṣe ògbufọ̀. Ìyá náà ní ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ ọ, òun náà ò gbọ́ púpọ̀, àmọ́ àwọn mọ orin náà látòkè délẹ̀, ìyá òun ló kọ́ òun. Màámi mi orí. Nígbà tá a délé, wọ́n lọ bá ọmọ nínú yàrá, oríkì tí mo gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an ló kàn.

Lórí rìsíìtì yẹn, obìnrin ibi iṣẹ́ wa kọ "Messiah, kí o kọ ọ́ fúnra rẹ". Ó kọ́kọ́ rú mi lójú. Nǹkan tó ti bẹ̀rẹ̀ ní Chicago láti 1976 ni, Margaret Hillis tó dá ẹgbẹ́ akọrin Chicago Symphony sílẹ̀ ló darí àkọ́kọ́ ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé àwọn onílù àti onífèrè á wà lórí pèpéle, àwọn olórin adákọ náà á wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ẹgbẹ́ akọrin. Àwa tá a jókòó ni ẹgbẹ́ akọrin. Oníkálukú á gbé ìwé orin ẹ̀ láti ilé wá, tó bá tó àkókò, gbogbo gbọ̀ngàn á dìde, wọ́n á kọ orin Handel. Ọmọ Jámánì ni Handel, London ló fi ṣe ilé, Dublin ní Áílándì ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ Messiah lójú gbogbo èèyàn ní April 1742. Èmi mọ̀ ọ́n torí màámi. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi kọ áltò nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, kò sí Kérésì tí n ò gbọ́ ọ nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n á máa dán an wò nídìí ààrò, nídìí aṣọ fífọ̀, ohùn áltò nìkan, tó fi jẹ́ pé ìgbà tí mo dàgbà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé orin yẹn ní ohùn míì.

N ò ṣàlàyé fún wọn. Mo ní à ń lọ gbọ́ orin ni. Harris Theater ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Millennium Park, ilé tó jẹ́ pé abẹ́ ilẹ̀ lèyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ wà, ẹ̀ẹ́ wọlé, ẹ̀ẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀ẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀. Màámi jókòó, wọ́n rí i pé gbogbo èèyàn tó wà láyìíká wọn gbé ìwé dání, wọ́n wo èèpo ìwé obìnrin tó wà lápá ọ̀tún wọn, wọ́n yíjú sí mi. Wọn ò sọ nǹkankan. Olùdarí wọlé, wọ́n lu àkọ́kọ́, ọkùnrin olóhùn tẹ́nọ̀ kọ tiẹ̀ tán, olùdarí wá kọjú sí wa, ó gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ilé dìde wùú.

Màámi dìde. Gèlè lórí, kóòtù lápá. Wọ́n wọlé síbi tó yẹ kí áltò wọlé, wọn ò pẹ́, wọn ò yá. Obìnrin apá ọ̀tún yẹn sún ìwé ẹ̀ sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n lè jọ máa wò ó, màámi fi orí dúpẹ́, àmọ́ ojú wọn ò sí nínú ìwé, ọ̀dọ̀ olùdarí ló wà, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Ibi tí ohùn ń sáré gan-an, níbi tí àwọn kan láyìíká wa ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tí wọ́n ń dúró de ibi tí wọ́n tún máa bá orin wọ̀, màámi ò já rárá. Nígbà tá a dé ibi tí wọ́n ti ń kọ pé a bí ọmọ kan fún wa, a fi ọmọkùnrin kan fún wa, wọ́n na ọwọ́ òsì, wọ́n wá ọwọ́ mi, wọ́n fún un pinpin, wọ́n ń kọrin lọ. Ọmọ wà nílé. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹkún gbà mí, n ò lè kọ tẹ́nọ̀ tèmi mọ́, mo kàn dúró.

Hallelujah ẹ ti mọ̀, n ò ní í sọ ti ìyẹn, òrùlé fẹ́ẹ̀ ṣí. Nígbà tó parí, obìnrin yẹn bi màámi pé níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ, màámi dá a lóhùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé "Òṣogbo, my dear, Òṣogbo," bíi pé kò sẹ́ni tí kò mọ ibẹ̀. Nínú reluwé tá a wọ̀ padà, wọ́n ní, "Mo rò pé wọ́n ti gbé mi wá síbi tí n ò mọ nǹkankan." Títí dòní tẹ́nikẹ́ni bá sọ pé òun ń mú òbí òun bọ̀ ní wíńtà, mo máa ń bi í pé kí ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, kí ni wọ́n fẹ́ràn nígbà tí ara wọn ṣì le, torí ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìní nǹkan tó bá ìyẹn mu, òtútù ni kì í jẹ́ ká wá a.

A tún lọ wo Nutcracker, ijó bálẹ́ẹ̀tì tó dá lórí irú sójà onígi tó ń fi ẹnu pa èso yẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wọ́n, ìjókòó òkè téńté la rí rà ní Auditorium Theatre, ilé tó ti wà láti 1889, wúrà ló kún ara òrùlé ẹ̀. St. Petersburg ní Rọ́ṣíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ jó o ní December 1892, Tchaikovsky ló kọ orin ẹ̀. Èyí tí ẹgbẹ́ oníjó Joffrey ń jó ní Chicago jẹ́ tuntun, 2016 ni Christopher Wheeldon tó máa ń to ijó ṣe é, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wo ìdí ẹ̀. Nínú èyí tí gbogbo ayé mọ̀, ilé olówó ni wọ́n ti ń ṣe Kérésì. Wheeldon gbé e wá sí Chicago, òru Kérésì 1892 yẹn gan-an, nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ilé ńláńlá fún àfihàn àgbáyé ti 1893, ó wá fi ìtàn náà sínú ahéré àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti ìlú òkèèrè, ọmọ tí ìtàn dá lé lórí, oníṣẹ́ ère ni ìyá ẹ̀, kò sí owó nílé, wọ́n ṣì jó. Nígbà tí sójà onígi jáde, màámi ní "sójà tiwa nìyẹn!", àwọn tó wà níwájú yíjú wò wá, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ilé kan ṣẹ́kù nínú àwọn tí wọ́n kọ́ fún àfihàn 1893 yẹn ní Jackson Park, òun ni wọ́n sọ di Museum of Science and Industry, ibẹ̀ nìyàwó mi àtọmọ ti bá wa lọ lẹ́yìn tí ọmọ lé ní ogójì ọjọ́. Láti 1942 ni wọ́n ti ń to igi Kérésì síbẹ̀. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, wọ́n fi ń bu ọlá fún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n jọ ń jà ni, báyìí igi náà ti lé ní àádọ́ta, àwùjọ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tiẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ti àwọn ará Lithuania ni mo dúró sí jù, koríko gbígbẹ ni wọ́n fi ń ṣe ìràwọ̀ àti ẹyẹ sí tiwọn, kò sí nǹkan dídán kankan lára ẹ̀. Ọmọ sùn gbogbo ẹ̀ kọjá.

January ò ṣeé jáde. Ní January 30, 2019, òtútù lọ sílẹ̀ dé 23 lábẹ́ òdo nínú ìwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn bí 31 lábẹ́ òdo ní Celsius, wọ́n ti ilé ìwé pa, a rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ṣe ń dáná sí ẹ̀gbẹ́ irin ojú ọ̀nà reluwé kó má baà dì. Màámi ní àwọn ò rí i rí kí wọ́n máa yáná fún irin.

Obìnrin ibi iṣẹ́ mi yẹn ò gbàgbé wa. Ṣáájú Kérésì ó ti fún mi ní opłatek, pẹlẹbẹ funfun kan tó tín-ín-rín bíi ti ìdàpọ̀ mímọ́, àwọn ará Pólàǹdì máa ń bù ú láàrin ara wọn ní alẹ́ Kérésì Éèfù, tí oníkálukú á máa ṣàdúrà fún ẹnìkejì kí wọ́n tó jẹun, wọ́n sì máa ń fi àyè ìjókòó kan sílẹ̀ nídìí tábìlì fún àlejò tí wọn ò retí. Màámi gbọ́ ti àyè ìjókòó yẹn, wọ́n ní kí n bá wọn kí i dáadáa. Ní ìparí February, Thursday tó kẹ́yìn kí Lẹ́ńtì tó wọlé, ó tún gbé páálí pączki wá fún wa. Ẹ fojú inú wo pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tó tóbi tí jáàmù wà nínú ẹ̀, ṣúgà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n fi ń jẹ ọ̀rá àti ṣúgà inú ilé tán kí ààwẹ̀ tó dé ni. Ní Chicago, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń jẹ ẹ́, àwọn ará Pólàǹdì ní ọjọ́ Thursday, àwọn yòókù ní ọjọ́ Tuesday tó tẹ̀ lé e, èèyàn á ti tò sẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì kí ilẹ̀ tó mọ́. Màámi jẹ mẹ́ta. Wọ́n ní ẹni tó dín in mọ bí òróró ṣe ń gbóná.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa padà ni odò. Saturday March 16 ni, ti àwọn ará Áílándì nìyẹn, ayẹyẹ Patrick mímọ́, láti 1962 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ páìpù omi ti ń pa odò Chicago láró. Òtútù ṣì wà o, àmọ́ oòrùn ti ń padà bọ̀. A dúró lórí afárá láàrin èrò, ọkọ̀ ojú omi kékeré dé, àwọn ọkùnrin inú ẹ̀ ń da ẹ̀tù kan sómi, àwọ̀ ọsàn ni ẹ̀tù náà, àwọn tó wà nítòsí wa tí wọn ò rí i rí ń pariwo pé kì í ṣe gíríìnì, wọ́n ti ṣì í dà. Màámi ní kí wọ́n ní sùúrù. Ọmọ ìlú aró ni wọ́n, ìyá tó bí wọn lọ́mọ pa aṣọ láró jẹun ni, wọ́n ní tí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ìkòkò aró, ó máa ń dà bí ewé ni, ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló ń di aró, àwọ̀ tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀rẹ̀ kọ́ làwọ̀ tó máa jẹ́. Wọn ò tíì sọ ọ́ tán tí ọkọ̀ kejì fi sáré gba orí ẹ̀ kọjá, ó po omi pọ̀, odò yí padà lójú wa, ó gíríìnì bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo gbé ọmọ sókè kó rí i. Ó ti ń lọ sí oṣù márùn-ún nígbà yẹn, kò lè rántí, àmọ́ fọ́tò ẹ̀ wà.

Kọ́ọ̀pù ọjà Kérésì ọdún yẹn ni màámi fi ránṣẹ́ sí mi lánàá. Ọyẹ́ ti dé lọ́dọ̀ wọn, wọ́n gbé e sórí tábìlì níwájú ilé, ògì gbígbóná ló wà nínú ẹ̀, èéfín ń yọ. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ ni pé, "Ṣé ẹ ti mú ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń se kànáfùrù lọ́dún yìí?"

A ò tíì lọ o. Saturday là ń lọ.